Ojú Wa Nílé Nígbà Tí A Bá Wà Ní Mínà: Kámẹ́rà Aṣọ́lé Wo Ni Ká Rà?

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Ojú-ìwé Òwò yìí ti ń gba ìbéèrè kan náà lẹ́nu yín: "Kámẹ́rà wo ló dára jù láti fi ṣọ́ ilé?" Ẹlòmíràn á ti dárúkọ méjì tàbí mẹ́ta tó rí ní ṣọ́ọ̀bù Jarir tàbí eXtra, á ní ká ṣáà bá òun mú ọ̀kan níbẹ̀. Kí a tó mú ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Alhájà kan nínú ẹgbẹ́ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò tí òun jìn sí.

Alhájà yìí àti ọkọ rẹ̀ kọ́lé sílé. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ ṣe Háájì, wọ́n ra kámẹ́rà mẹ́rin ní Jẹ́dà, wọ́n fi rán ẹni tó ń lọ sílé, wọ́n sì gbé wọn kọ́ ara ògiri. Àwòrán wọn mọ́ kedere. Láti orí ibùsùn wọn ní Jẹ́dà ni wọ́n ti ń rí adìyẹ aládùúgbò tó ń jẹ̀ níwájú géètì. Ọkàn wọn balẹ̀. Wọ́n di ẹrù, ó di Mínà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Iléyá, fóònù Alhájà ti kú. Ẹni tó bá ti sùn nínú àgọ́ Mínà rí mọ̀ pé ibi tí a ti ń ṣáàjì fóònù kì í tó, èrò tó ń dù ú sì pọ̀. Nílé, gbogbo àdúgbò ti lọ sí yídì. Àkókò yẹn gan-an ni olè wọlé, wọ́n tú bátìrì ínfátà, wọ́n kó o lọ. Nígbà tí Alhájà rí iná fi sí fóònù lálẹ́, ó rí i pé kámẹ́rà ti ké sí òun láti àárọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè rí ẹni náà. Àgbàlá tó pa rọ́rọ́ ló rí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó ní kó sanwó kó tó lè wo ohun tó ti kọjá. Káàdì báńkì tí wọ́n fi ń san owó oṣooṣù ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì fiyè sí i. Kámẹ́rà rí olè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́jú àwòrán rẹ̀ fún wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àbúrò ọkọ rẹ̀ ní òun kò ní ṣe irú èyí. Ó ra kámẹ́rà oníwáyà tí kò ní owó oṣooṣù, èyí tó ń gba àwòrán sínú àpótí tí wọ́n ń pè ní DVR. Ó gbé àpótí náà sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Olè wọlé, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbé àpótí náà mọ́ ọn. Àwòrán olè wà nínú ẹrù tí olè gbé lọ.

Kámẹ́rà tí àwọn méjèèjì rà kì í ṣe ayédèrú. Ìbéèrè tí wọ́n bi ọlọ́jà ni kò pé. Bí àwòrán ṣe mọ́ tó àti iye tó jẹ́ ni wọ́n bèèrè. Àwa rò pé ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú orúkọ èyíkéyìí: Níbo ni àwòrán náà ń sùn? Ta ló tún lè rí i yàtọ̀ sí wa? Ta ni yóò dé ẹnu géètì wa nígbà tí fóònù bá dún?

Ohun tí Mínà fi kọ́ wa

Àfonífojì tóóró ni Mínà, kò ju kìlómítà díẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Àgọ́ ibẹ̀ lé ní 100,000, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì ń kún inú wọn fún ọjọ́ díẹ̀ péré lọ́dún. Nígbà tí iná jó àgọ́ ibẹ̀ ní April 15, 1997, tí èèyàn 343 kú, wọ́n fi àgọ́ tí iná kì í tètè mú rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ní January 12, 2006, ó lé ní 340 èèyàn tó kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Jamarat, níbi tí a ti ń ju òkò.

Kámẹ́rà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Dirk Helbing, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti àwòrán náà, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2007. Wọ́n rí i pé kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, ìrìn èrò ti kọ́kọ́ yí padà. Ìrìn jẹ́jẹ́ di ká rìn ká dúró, ìyẹn náà sì di bí omi tó ń ru gùdù, tí kò sẹ́ni tó lè dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró mọ́. Wọ́n wó afárá Jamarat àtijọ́, wọ́n kọ́ tuntun alájà márùn-ún. Wọ́n ya ọ̀nà àlọ sọ́tọ̀ sí ọ̀nà àbọ̀, wọ́n sì fún àwùjọ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀.

Síbẹ̀, ní September 24, 2015, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Mínà, ní oríta òpópónà 204 àti 223. Iye tí ìjọba Saudi kà jẹ́ 769. Iye tí àwọn oníròyìn kó jọ láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lé ní 2,000, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ọlọ́run kẹ́ gbogbo wọn. Kámẹ́rà kò wọ́n ní Mínà lọ́dún náà rárá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún onílé kò le. Kámẹ́rà kò lẹ́sẹ̀, kò lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì péré ló fi ń ṣeni láǹfààní: kí ẹnìkan dìde nígbà tó bá rí nǹkan, tàbí kí àwòrán ṣẹ́kù lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kí a lè fi tún ọ̀nà ṣe. Kámẹ́rà tí kò bá ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni.

Ìdílé mẹ́ta ni gbogbo wọn

Orúkọ pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ibi tí àwòrán ń sùn, ìdílé mẹ́ta péré ni gbogbo wọn.

*Èkínní ni àwọn olówó oṣooṣù.* Ring, Google Nest àti Arlo ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Àwòrán wọn ń lọ sùn sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà lókè òkun. Olè ìbáà fọ́ kámẹ́rà, àwòrán rẹ̀ ti lọ, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá san owó Ring, ẹ óò máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, fóònù yín yóò máa dún, àmọ́ kò sí àwòrán tí yóò pa mọ́ fún yín. Nest máa ń fi ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Arlo ní àpótí kan tí ẹ lè fi sílé kó máa gba àwòrán, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni owó ìyẹn. Ẹ má sì gbé owó oṣooṣù lé ará ilé lọ́rùn. Láti 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà ti dá sísan owó òkèèrè lórí káàdì náírà dúró, ó sì di 2025 kí àwọn kan tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ta ló tún lè rí i? Amazon ra Ring ní 2018. Ní 2023, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, fẹ̀sùn kan Ring pé ó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa wo àwòrán inú ilé oníbàárà. Mílíọ̀nù 5.8 owó dọ́là ni Ring gbà láti san kí ọ̀rọ̀ náà lè parí. Ní February 2024, ilé-iṣẹ́ Wyze, tí ọjà rẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ pé nǹkan bí 13,000 oníbàárà òun ló ṣí fóònù wọn tí wọ́n sì rí àwòrán ilé onílé. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀.

*Èkejì ni àwọn onímẹ́mọ́rì káàdì.* Tapo tí TP-Link ń ṣe, Eufy tí Anker ń ṣe, Reolink, EZVIZ àti Imou wà níbẹ̀. Àwòrán ń sùn sínú káàdì kékeré tó wà nínú kámẹ́rà, tàbí sínú àpótí kékeré nínú ilé. Kò sí owó oṣooṣù tó pọn dandan. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ọmọ ilé lè gbé e kọ́ fúnra rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá já kámẹ́rà gbé ti gbé àwòrán lọ nìyẹn, àfi bí àwòrán kékeré tó ń bọ̀ sórí fóònù bá ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ ara páálí gbọ́. Eufy ń polówó pé àwòrán kì í kúrò nílé oníbàárà, ṣùgbọ́n ní November 2022 ẹnìkan tó ń ṣèwádìí fi hàn pé àwọn àwòrán kékeré kan ń lọ sínú kọ̀ǹpútà ìta. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé ààbò tí òun ṣèlérí kò pé.

*Ẹ̀kẹta ni àwọn oníwáyà alápòótí.* Hikvision àti Dahua ló pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí. Ìlú Hangzhou ní Ṣáínà ni àwọn méjèèjì wà, ara Hikvision ni EZVIZ sì ti jáde, bí Imou ṣe jáde láti ara Dahua. Àwọn ni àwọn oníṣẹ́ iná nílé mọ̀ ọ́n tò jù. Wọ́n le, ẹ̀yà ara wọn kò wọ́n, wọn kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó gba àwòrán sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní November 2022, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìfọwọ́sí fún ohun èlò tuntun wọn dúró nítorí ìbẹ̀rù ààbò orílẹ̀-èdè. Lóṣù kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn iléeṣẹ́ òun má ṣe gbé irú kámẹ́rà Ṣáínà bẹ́ẹ̀ síbi tó gbẹgẹ́ mọ́. Ìyẹn kò ní kí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà adìyẹ má rà á. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹ má ṣí i sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní ìdí, kí ẹ sì máa gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́.

Ìṣirò kékeré kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú bírò. Kámẹ́rà tó bá ń lo megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nǹkan bí megabyte 900 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá fi wákàtí 24 lọ́nà rẹ̀, ó lé ní gigabyte 21 lójúmọ́. Kámẹ́rà kan péré nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí kámẹ́rà mẹ́rin máa fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ sókè òkun tọ̀sán-tòru lórí data tí a ń rà nílé, owó data yóò jẹ́ kó pàdánù ju ohun tí olè fẹ́ jí lọ. Nítorí náà, àwòrán kékeré nígbà tí nǹkan bá rìn ni kó máa wá sórí fóònù. Èyí tó gùn, ẹ jẹ́ kó sùn sílé.

Mẹ́mọ́rì káàdì gigabyte 128, bí kámẹ́rà bá ń gbà á láìdúró, yóò kún ní nǹkan bí ọjọ́ 6. Lẹ́yìn náà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ láti fi tuntun sí i. Ẹ wá ka ọjọ́ Háájì: láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 13 oṣù Súlíhíjà, ọjọ́ 6 ni. Bí olè bá wọlé lóru ọjọ́ tí ẹ kúrò ní Jẹ́dà, tí ẹ dé láti Mínà tí ẹ sinmi ọjọ́ méjì kí ẹ tó wò ó, àwòrán olè ti lọ. Ẹ ní kí kámẹ́rà máa gbà á nígbà tí nǹkan bá rìn nìkan, káàdì kan náà yóò sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpótí DVR tó ní háàdì dísíìkì terabyte 1, pẹ̀lú kámẹ́rà mẹ́rin, yóò gba nǹkan bí ọjọ́ 11. Ó tó fún ará Jẹ́dà tó ń lọ Mínà. Kò tó fún àwọn òbí wa tó ń ti ilé bọ̀ wá ṣe Háájì tí wọ́n lè lò tó oṣù kan. Fún àwọn, terabyte 4 ló yẹ.

Iná, púlọ́ọ̀gì àti sólà

Ọ̀pọ̀ wa ń rajà ní Saudi ránṣẹ́ sílé. Púlọ́ọ̀gì oníga mẹ́ta onígun mẹ́rin kan náà ni Saudi àti Nàìjíríà ń lò, volt 230 sì ni iná méjèèjì. Ìyàtọ̀ ni pé hertz 60 ni ti Saudi, hertz 50 sì ni tilé. Ẹ wo ẹ̀yìn ádápítọ̀: bí ó bá kọ 100–240V, 50/60Hz, kò séwu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà kọ́, ẹ lọ sínú ètò rẹ̀ kí ẹ yí i sí 50Hz, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán yóò máa ṣẹ́jú lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, volt 120 ni iná yín, púlọ́ọ̀gì yín sì yàtọ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi.

Iná NEPA kì í sọ fún ni kó tó lọ. Kámẹ́rà oníwáyà mẹ́rin, àpótí wọn àti ráútà kì í sábà ju wọ́ọ̀tì 50 lọ lápapọ̀. Bátìrì volt 12 oní-100Ah, bí ẹ bá lo ìdajì agbára rẹ̀ kó má baà tètè kú, yóò gbé wọn fún nǹkan bí wákàtí 12. Ẹ fi bátìrì yìí sọ́tọ̀ fún kámẹ́rà nìkan, kí fíríìjì má bá a pín in. Fún ilé tí a kò tíì parí, tàbí ilẹ̀ lásán, kámẹ́rà onísólà tó ń lo SIM káàdì ló rọrùn jù. Ẹ rántí pé SIM gbọ́dọ̀ ní NIN lára, nítorí náà orúkọ ẹni tó wà nílé ni kó wà. Ẹ máa fi owó sí i lóòrèkóòrè kí wọ́n má baà gbà á padà.

Bí ògiri kò bá lanu

Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí kámẹ́rà fi ń la ni pásíwọ̀ọ̀dù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Ní 2016, ohun búburú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń wá kámẹ́rà àti ráútà tí onílé kò yí pásíwọ̀ọ̀dù wọn padà, ó sì sọ ọ̀kẹ́ àìmọye wọn di ẹrú. Ní October 21 ọdún náà, wọ́n fi wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, Twitter àti Netflix sì ṣòro láti ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Nílẹ̀ adúláwọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan kó kámẹ́rà Dahua tó ti gbà lọ́wọ́ àwọn onílé jọ lọ́nà yìí, ó fi wọ́n kọlu Lonestar, ilé-iṣẹ́ fóònù ní Làìbéríà, títí íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ ní London rán an lẹ́wọ̀n ní January 2019. Àwọn onílé tó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn kò mọ nǹkan kan. Wọ́n rò pé ilé àwọn ni kámẹ́rà ń ṣọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá parí, ẹ yí pásíwọ̀ọ̀dù padà kí ó tó jáde ní géètì. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló máa ń fi orúkọ àti fóònù ara wọn ṣí i. Èyí túmọ̀ sí pé òun ló ni ojú ilé yín, ẹ̀yin kàn ń yá a wò ni. Kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni. Bó bá ṣe burúkú, kì bá ti bá yín parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ lè sọnù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì lè yapa.

Ojú tó ń wo aládùúgbò

Ẹ má kọ ojú kámẹ́rà sí àgbàlá ẹlòmíràn. Ní October 2021, adájọ́ kan ní Oxford dá onílé kan lẹ́bi nítorí pé kámẹ́rà àti aago ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń gba àwòrán ilé aládùúgbò, ó sì ń gbọ́ ohùn láti ọ̀nà jíjìn. Ní Saudi níhìn-ín, òfin lórí kámẹ́rà ìṣọ́ jáde ní 2022, owó ìtanràn sì ń dúró de ẹni tó bá ń pín àwòrán kiri láìgbàṣẹ. Nílé, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá pè yín lẹ́jọ́, ẹ rántí pé aládùúgbò yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ bí olè bá ń fọ́ ilẹ̀kùn yín. Obìnrin tó bá ń wẹ ọmọ nínú àgbàlá rẹ̀ tí ó rí kámẹ́rà yín lókè kò ní dìde lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ta ni yóò dé ẹnu géètì?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Wákàtí 2 ni Saudi fi ṣáájú Nàìjíríà. Aago 2 òru nílé, aago 4 ìdájí ni ní Mínà. Bí fóònù yín bá dún lákòókò yẹn, ta ni ẹ óò pè?

Ẹ kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó ra kámẹ́rà: aládùúgbò kan tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiyín, ọ̀gá ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò, àti mọ̀lẹ́bí kan tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ ilé mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá tó gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní 2020, ẹ kọ tiwọn náà. Ẹ dán wọn wò lóru ọjọ́ kan kí ẹ mọ ẹni tí fóònù rẹ̀ máa ń tàn. Ẹ má ní kí mọ̀lẹ́bí lọ dojú kọ olè o: kó tan iná, kó pariwo, kó pe ọdẹ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ so ẹnìkan tí kò lọ Háájì lọ́dún náà mọ́ kámẹ́rà yín, kí òun náà lè máa rí i lórí fóònù rẹ̀. Ọmọ yín ní London lè ṣe é. Ẹ rántí páwà báǹkì. Ní àárọ̀ Iléyá, ẹ bẹ aládùúgbò kan tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kó fi ojú sí ilé títí wọn yóò fi ti yídì dé, àwọn tiyín náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ìyẹn ti wà kí kámẹ́rà tó dé, kò sì ní owó oṣooṣù.

Bí ẹ bá ní ká mú ọ̀kan

Ó dára, a óò mú. Fún ilé tó wà nílé, oníwáyà alápòótí ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Kí àpótí má ṣe wà ní pálọ̀. Ẹ gbé e sínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ dè é mọ́lẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí i, tí olè kò ní ronú kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kámẹ́rà onímẹ́mọ́rì káàdì kan tàbí méjì kún un, tí àwòrán kékeré wọn yóò máa wá sórí fóònù. Bí olè bá gbé ọ̀kan, èkejì á ṣẹ́kù. Láàárín orúkọ méjì nínú ìdílé kan náà, èyí tí oníṣẹ́ àdúgbò yín lè tún ṣe ni kí ẹ rà.

Fún ilé tí a háyà ní Jẹ́dà tàbí Mẹ́kà, kámẹ́rà onímẹ́mọ́rì káàdì kan tó kọjú sí ilẹ̀kùn láti inú tó. Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Houston, tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kì í lọ, tí owó oṣooṣù ń gba ara báńkì yín jáde fúnra rẹ̀, olówó oṣooṣù lè bá yín mu. Ẹ ṣáà máa wo ọjọ́ tí káàdì yín yóò kú.

Alhájà wa ti ra òmíràn. Owó kámẹ́rà mẹ́rin ló ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n méjì ló rà, ó fi ìyókù sanwó ọdún kan fún ọdẹ àdúgbò. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí òun bi ọlọ́jà lọ́jọ́ náà ni ibi tí àwòrán ń sùn, ọlọ́jà náà sì wo òun títí kó tó dáhùn.

Ẹni tó bá ní ìrírí tirẹ̀ lórí kámẹ́rà, rere tàbí búburú, kó kọ ọ́ sí wa kí a lè fi kọ́ra wa lọ́gbọ́n. Ọlọ́run yóò bá wa ṣọ́ ilé àti ọ̀nà. Ẹni tó ń lọ Mínà yóò lọ ire, yóò bọ̀ ire, a ó sì bá ilé bí a ṣe fi í sílẹ̀. Àmín.